Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Láti Yà Sọ́tùn-ún

Nígbà tí ojú mi ṣì ń dán, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Ara wọlé ọkọ ní Ẹdẹ níbí… Dúró ná. Gbádé, kí lo sọ lẹ́ẹ̀kan? Pé sítiárì ọkọ̀ rẹ ń le bí o bá fẹ́ yà sí apá kan? Àti pé láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ ti wọlé ni ọkọ̀ yẹn ò ti gbádùn? Háà! Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, àbí etí mi ti ń di? Ẹ pa rédíò yẹn. Gbogbo yín, ẹ jókòó. Ìtàn míì ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú èmi ìyá yín àgbà rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọkọ̀ ò jọ yín lójú mọ́. Nígbà tiwa, ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Rélùwéè ti ń kọjá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò? Ta ló ní in? Bí a bá gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́nà Òṣogbo, obìnrin á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, á sáré síta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ ní mọ́tò ládùúgbò wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà Bàbá Onímọ́tò ni mo sọ ọ́. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún un. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irin kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n á yí i, yí i, yí i… kó tó dáhùn. Ẹ̀yin, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti jí.

Ilé Ògún ni ilé wa nígbà náà. Irin ni mọ́tò, ta ló sì ni irin bí kò ṣe Ògún? Bí mọ́tò bá fẹ́ rìnrìn-àjò, Bàbá Onímọ́tò á já màrìwò, imọ̀ ọ̀pẹ tútù yẹn, á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, á so ó mọ́ irin tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì. Á ta epo sí i. Bó bá pa adìẹ, á fi ìyẹ́ rẹ̀ lé e. Màrìwò ni aṣọ Ògún. Ní ilé tiwa, ẹnìkan kì í bọ́ aṣọ lára Ògún. Bó bá gbó, kó já fúnra rẹ̀. Tuntun là ń so lé e.

Ràímì ni dírẹ́bà rẹ̀, ọmọ ìmàle láti agbo ilé kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ó mọ ọkọ̀ wà! Bó bá di àsìkò màrìwò, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní “Bísímílà,” á dúró. Bàbá Onímọ́tò ti kìlọ̀ fún un: “Ràímì, òkè ọkọ̀ ni tìrẹ. Abẹ́ rẹ̀, ti Ògún ni. Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀.” Kò sì sí ìjà láàárín wọn. Bí iléyá bá dé, ẹran Ràímì là ń jẹ. Ẹ̀yin òde òní lẹ ń torí ẹ̀sìn yọ ojú ara yín.

Èmi ni mo máa ń bá ẹrù lọ sí Sekona lọ́jọ́ ọjà. Iṣu, epo, àgbàdo. Mo pọn Àlàní sẹ́yìn, bàbá yín nìyẹn o, mo jókòó sáàárín iṣu. Ibẹ̀ la ti rí i. Ràímì á fẹ́ yà sósì, ọwọ́ ọkọ̀, sítiárì yẹn, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Á fẹ́ yà sọ́tùn-ún… háà! Á le gbagidi. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí ìjókòó kó tó rí i fà. A délé, wọ́n já ẹrù, ọkọ̀ dára padà. Bàbá Onímọ́tò nìkan wọ̀ ọ́ lọ sí Òṣogbo, kò ṣe nǹkankan. Ọjọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ nìkan ló ń ya wèrè. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Èmi ò rí i. Ọmọdé ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, a dé ibi tí ọ̀nà ti yà sọ́tùn-ún lẹ́bàá odò. Ọ̀nà yà, ọkọ̀ ò yà. Ràímì ké “Lá iláhà!” Ó fà á, ó kọ̀. A wọgbó! Táyà iwájú kan ti wà lókè omi kí kùkùté kan tó gbá wa mú. Iṣu ń já bọ́ sódò, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn, Àlàní wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́. Ẹ wò mí, mo ń dúpẹ́! N ò mọ̀ pé ohun tó ń dúró dè mí nílé ju odò lọ.

A délé, agbo ilé péjọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi kú ewu ni. Bàbá Onímọ́tò na ìka sí mi. “Ọjọ́ tí obìnrin yìí bá wọ̀ ọ́ nìkan ni ọkọ̀ yìí ń kọ̀. Ẹ sọ pé mo purọ́.” Ìyàwó àgbà kan káwọ́ lérí, ó ní: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Èmi! Àjẹ́! Àwọn tó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé ni o. Lójú tèmi, omi yẹn ò tíì gbẹ. Bàbá Onímọ́tò ní bí ilẹ̀ bá mọ́, kí n padà sí Ara. Ó ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ilé ló ni ọmọ. Mo wo ojú ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ gbọ́… ilẹ̀ ló ń wò!

Ilẹ̀ mọ́. Ẹrù mi ò ju igbá kan lọ. Ìyá ọkọ mi tú ọ̀já lára mi, ó gba Àlàní, ọmọ ń ké, ó di aṣọ mi mú. Ni Ràímì bá wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun. Kó tó lọ, ẹ jẹ́ kó wọ ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan. Lójú gbogbo yín.”

Bàbá ní, “Kó lè pa wá tán?”

“N ò ní kúrò níta gbangba yìí, Bàbá. Ẹ ṣáà máa wò.”

Ó ní kí èmi nìkan jókòó sẹ́yìn. Ó wa ọkọ̀ yí ìta ká. Ó fẹ́ yà sósì, ó yà. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún… ó yà! Wọ́ọ́rọ́wọ́! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó iṣu sínú rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ gùn ún. Wọ́n kún un fọ́fọ́. Ó yà sósì, ó lọ. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún… gbagidi! Ọkọ̀ dúró. Ràímì yọrí síta.

“Bàbá, ìyàwó dà?”

Bàbá wò mí níbi tí mo dúró sí, lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ẹrù ni, Bàbá. Kì í ṣe èèyàn. Nǹkan kan wà lábẹ́ yìí tí ẹrù ń tẹ̀. Ẹ ti ní kí ọwọ́ mi má débẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wò ó.”

Wọ́n já ẹrù. Bàbá Onímọ́tò bọ́ dàńṣíkí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn rẹ̀: “Yéè! Ọwọ́ ara mi ni!”

Màrìwò ni o! Gbogbo èyí tó ti ń so láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀. Èyí tó yẹ kó já ò já, epo ò jẹ́ kó já. Eruku lẹ̀ mọ́ epo, ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ eruku, gbogbo rẹ̀ di ìdì kan, ó le bí igi, ó tóbi tó orí ewúrẹ́. Irin gígùn kan ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Bí dírẹ́bà bá yí ọwọ́ ọkọ̀, irin yẹn á sún lọ, á sún bọ̀. Bó bá sún sí apá kan, àyè gbà á. Bó bá sún sí apá kejì, ìdì màrìwò á há. Bí ọkọ̀ bá sì ru ẹrù, á rẹlẹ̀, á tẹ ìdì ọ̀hún pa síbẹ̀. Ọjọ́ ẹrù ni ọjọ́ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ohun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gba ọmọ lẹ́yìn mi nìyẹn.

Bàbá ní kí wọ́n na ọ̀bẹ sí òun. Ó ní, “Ògún, má bínú. Aṣọ ti pọ̀ jù lára rẹ.” Ó gé e.

Ó jáde, epo lójú, epo ní irùngbọ̀n. Ó lọ gba Àlàní lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ó gbé e wá bá mi. Ó ní, “Ìyàwó, bẹ̀rẹ̀.” Mo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ńlá yẹn, olórí ilé, ó gbé ọmọ pọ̀n mí! Ó di ọ̀já fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n dì, ó dì í wọ́gọwọ̀gọ. Gbogbo ilé ń wò. Ó ní, “Má bínú. Ojú wa ló fọ́.” Epo ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ọ̀já yẹn mọ́ títí tó fi gbó.

Mo dárí jì í. Ọkọ mi tó ń wolẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn pẹ́ kí n tó bá a rẹ́rìn-ín… kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ẹ wá wò ó. Bí Ràímì bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ì bá wà o, bàbá yín kúkú wà. Ṣùgbọ́n obìnrin arúgbó kan ì bá wà ní Ara tí ẹ ò ní mọ ojú rẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè rẹ̀, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Háà, ayé! Ẹ ti kàwé. Mẹkáníìkì kún títì láti ibí dé Sekona. Kí ló wá dé tí ẹnu ò tíì yí padà?

Gbádé, dìde. Mú tọ́ọ̀ṣì, lọ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba ilé ìdáná kọjá. Ìyàwó rẹ ló ń gúnyán fún wa níbẹ̀. Láti ìgbà tí o ti sọ̀rọ̀ yẹn, n ò gbọ́ ìró odó mọ́.