Ibi Tí Ìwé Ní Kí Ọwọ́ Mi Mọ

Láti ọjọ́ tí adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, oorun àti jíjí ti di ọ̀kan náà lójú mi. Bí mo bá pajú dé nínú yàrá kékeré yìí, iná búlúù ti iṣẹ́ jórinjórin á tún tàn. Bí mo bá sì là á, á ṣì wà lára ògiri, á máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, orúkọ mi ò lè ṣe yín láǹfààní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo pa ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, nítorí irin tó nípọn.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bọ̀ọ̀dá Tàjù, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ni wọ́n kọ́ mi ní jórinjórin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Malu Road. Nígbà tó yá, àwa méjèèjì ríṣẹ́ sí ọgbà kan ní Liverpool Road, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ntéínà ṣe.

Lọ́gbà yẹn, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Wọn á fún ọ ní irin pẹlẹbẹ méjì, wàá jó wọn pọ̀ lójú insípẹ́kítọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, wọn á gé e, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ká, láti wò bóyá yóò sán. Bí irin ìdánwò rẹ bá ṣe nípọn tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n èyí tí wàá lè fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́. Mìlímítà mẹ́wàá ni tèmi, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi sì sọ pé n kò gbọdọ̀ kọjá ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn ogún. Ti Bọ̀ọ̀dá Tàjù kò ní òpin. Bí fóománì bá ń pe àwọn tí yóò jó ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tí irin rẹ̀ tó ogójì, èmi á máa wolẹ̀. Ó dùn mí, kí n má purọ́. Mo tiẹ̀ máa ń lá àlá irin kan tó nípọn bí ìrọ̀rí, tó ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Nígbà tí ìdánwò irin nínípọn kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Tàjù nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é. Àlejò ni insípẹ́kítọ̀ yẹn, kò mọ̀ wá. Ìbòjú iṣẹ́ ló sì máa wà lójú yín."

"Àbúrò, ṣé orí ẹ pé? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o. Irin tó nípọn máa ń mu ooru. Tó ò bá kọ́kọ́ mú un gbóná dénú, òkè ẹ̀ máa dán, inú ẹ̀ máa sán. You no go see am."

"Ẹ máa kọ́ mi tó bá yá. Ìwé yẹn ṣáà ni mo fẹ́."

Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Oya. Ṣùgbọ́n búra fún mi pé o ò ní fọwọ́ kan irin nínípọn títí màá fi kọ́ ẹ."

Mo búra. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi ló kó bá wọn. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ mi, wọ́n fa ìbòjú mi wálẹ̀, wọ́n sì jó irin náà. Nọ́ńbà iṣẹ́ tèmi ni wọ́n lù sí i lára. Irin náà yege, ìwé irin nínípọn sì di tèmi.

Kò pẹ́ tí wọ́n rán Bọ̀ọ̀dá Tàjù lọ ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road fún ọjọ́ mélòó kan. Àsìkò yẹn gan-an ni fóománì pe orúkọ mi fún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan. Ó yẹ kí n ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Mo gba iṣẹ́ náà. Mo kàn fi iná ra ojú irin náà díẹ̀, kí wọ́n lè rò pé mo ti mú un gbóná, mo sì wọ abẹ́ ìbòjú lọ. Ayé máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Kò sí trélà, kò sí ariwo, àfi iná kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Inú mi dùn. Nígbà tí mo parí, ojú irin náà ń dán, gbogbo wọn ń kí mi kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, Bọ̀ọ̀dá Tàjù dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà pẹ́.

"Ta ló jó èyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó gbóná dénú kó o tó bẹ̀rẹ̀?"

Mo gbé òòlù ọwọ́ mi lé orí tábìlì.

"Ọ̀la ni wọ́n máa fi gbé kọ̀ntéínà, èèyàn sì máa wà lábẹ́ ẹ̀. I dey go meet fóománì. Màá ní èmi ni mo ṣe ìdánwò yẹn. Kí wọ́n lé àwa méjèèjì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dójú tì mí."

"Ìtìjú ò pààyàn. Irin ló ń pààyàn."

Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń lọ. Òòlù wà lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lù wọ́n. Oòrùn ń gba ihò páànù wọlé, eruku ń rìn nínú ìmọ́lẹ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì dà bíi pé mo ń wo ara mi láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nílé ẹjọ́, wọ́n gbé irin tí wọ́n gé lára ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà jáde. Ó sán nínú, bí Bọ̀ọ̀dá Tàjù ṣe wí. Lọ́yà wá bi fóománì pé, "Ká ní ó sọ fún yín pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́?"

Fóománì ní, "Màá fún un ní irin tín-ín-rín ni. Ó pọ̀ lọ́gbà wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jó bíi tiẹ̀."

Kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní ibí ni ọwọ́ yín mọ, ẹ má kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ lọ kọ́ èyí tó kù, ẹ má yá ọwọ́ ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sá fún, pé "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Níkẹyìn, mo dìde nílé ẹjọ́, ìyá Bọ̀ọ̀dá Tàjù jókòó níwájú, ojú wọn ń wo ẹnu mi, mo sì ní, "Èmi ni mo pa wọ́n." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn tí mo sá fún yẹn ni kí ẹ sọ.