Máìkì Tó Létí Jù

Ní ìsọ̀ kan ní Ṣàngótẹ̀dó, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan àti ìyàwó ẹ̀ ń jiyàn lórí máìkì tí ọkùnrin náà fẹ́ fi máa gba orin ẹ̀ sílẹ̀ nílé.

"Èyí tó wọ́n yìí ni mo fẹ́. Kò sóhun tí kì í gbọ́, títí kan èémí."

Ìyàwó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, olówó orí mi. Á gbọ́ jẹnẹrétọ̀ láńlọ́ọ̀dù, á gbọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé wa ní Lakowe. Ẹ ra kékeré yìí, kẹ́ ẹ máa kọrin láàárín aṣọ nínú wọ́dúróòbù, kí aṣọ máa gba ariwo mọ́ra."

"Ṣé inú wọ́dúróòbù ni olórin gidi ti ń kọrin?"

"Olórin gidi dà? Ẹ ra èyí tó dití díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí mò ń gbọ́ gbogbo orin yín lójoojúmọ́, ṣé ẹ ti rí mi kí n jó sí i rí?"