Èjí Tí Ó Yọ Tí Ó Sì Tún Dí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi omijé wá síwájú yín. Nítorí Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Adéwọlé, ni mo ṣe dìde.

Àjà ẹnu ọmọ náà há jù. Eyín òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń jẹun, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ náà. Bí ó bá sùn, ẹnu ni ó fi ń mí. Bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Èyí ni ó dùn mí jù lọ, nítorí ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, n kò fẹ́ kí ọmọdé máa fi ara pamọ́.

Dókítà eyín, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀mù-Àrán, sọ fún baba Ìbùkún pé bí a kò bá mú àjà ẹnu náà fẹ̀ kí egungun tó le, ojú ọmọ náà yóò wọ́. Ó de irin kan mọ́ eyín òkè, ó sì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ó máa fi yí i, kí àjà náà lè máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí baba rẹ̀ lè yí i. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. Bí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, Ìbùkún yóò gbé orí lé itan mi, èmi yóò sì yí irin.

"Mọ́mì Àgbà, ó ń fún mi títí dé ìdí imú."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ó ti tán."

Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan tí mo rí i pé eyín iwájú méjèèjì ti yàgò fún ara wọn! Ìyá Ràfíátù, aládùúgbò wa, pariwo:

"Súbúhánáláhì! Màmá Tíṣà, èjí rèé! Ó jọ tiyín gẹ́lẹ́. Ẹ má yí i mọ́ o, ẹwà ti dé!"

Ìbùkún ń jó níwájú dígí. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bò mí. Mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi la egungun orí ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ọwọ́ mi ba iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ jẹ́." Epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n lákòókò náà, ẹsẹ̀ ni a fi rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà ní àdúgbò Challenge.

Dókítà wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, baba rẹ̀ kò sọ fún yín ni? Àmì tí a ń retí nìyí. Egungun méjì ni ó pàdé láàárín àjà ẹnu; wọ́n ti ṣí. Egungun tuntun yóò dí àlàfo náà, eyín yóò sì padà súnmọ́ ara wọn."

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ti Ìbùkún kì í ṣe ti ayọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ó dí! Òun ni mo fi jọ Mọ́mì Àgbà."

Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Orí kunkun rẹ ti tó fi jọ mí."

Halelúyà! Èjí náà dí díẹ̀díẹ̀. A kò tètè yọ irin, kí egungun lè le dáadáa. Lónìí, eyín bá eyín mu, àgbọ̀n ti padà sí àárín, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ àgbàdo sísun, ó sì ń pa ẹnu dé sùn.

Ìbùkún, ọmọ mi, dìde. Rẹ́rìn-ín fún ilé Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wo eyín nìkan. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí wọ́n ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá ìyá arúgbó yìí yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Olúwa!