Ẹni Tí Bàbá Máa Dì Mọ́

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, nínú mọ́tò tí a wọ̀ láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo, obìnrin kan àti bàbá rẹ̀ tó ti dàgbà jókòó níwájú mi.

"Bàbá, tẹlifíṣọ̀n ńlá tí mo rà fún yín ńkọ́? Ẹ ò bá jókòó sílé wo bọ́ọ̀lù, kí oòrùn má pa yín ní pápá."

"Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Àmọ́ látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, bí àwọn tiwa bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, mi ò rẹ́ni dì mọ́. Ní pápá, ẹni tí ò mọ̀ mí rí á dì mọ́ mi."

Mi ò tíì gbàgbé "mi ò rẹ́ni dì mọ́" yẹn. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òṣogbo, obìnrin náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Ọjà tí mo fẹ́ rà lè dúró. A jọ ń lọ sí pápá ni."