Ìdajì Ọjọ́ Ìbí Béjídé

"Ẹ gbé e síta." Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà, ó gbé ọwọ́ lé orí Béjídé, ọmọ wa obìnrin, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì pé wọn kì í gba ọmọdé láàyè níbẹ̀, mo sì rò pé ohun tí òun náà ń sọ nìyẹn. Mo gbé ọmọ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ràmọ́tà, mo fà á lé e lọ́wọ́. Kí n tó padà gòkè, wọ́n ti fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ó ti lé ní ọdún kan. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù keje la bí Béjídé, lọ́jọ́ tí òjò sọ àdúgbò wa ní Muṣin di odò. Ẹ̀yìn ni mo fi pọn ìyá rẹ̀ kọjá omi kí a tó rí kẹ̀kẹ́ tó gbé wa. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Béjídé nìyẹn, ẹni tó bá òjò dé. Àmọ́ òjò náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́, òjò. Ìkejì, òjò. A kó ọmọ mẹ́wàá sínú yàrá kan ṣoṣo, iná ò sí, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, kéèkì wà lórí ibùsùn wa. Ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo omi, ó ní, "Bàbá Béjídé, ṣé òjò yìí ló bí i ni, àbí èmi?" Lẹ́yìn náà ló fi ìka ka oṣù. Ó ní tó bá di oṣù kìíní, oṣù mẹ́fà á ti pé, ilẹ̀ á ti gbẹ, òun á sì ṣe ìdajì ọjọ́ ìbí fún un níta gbangba.

Ìdajì! Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Àǹtí Ràmọ́tà káwọ́ lérí. "Háà, ìyàwó! Ta ló ń fi ìdajì pe ọmọ? Ṣé o fẹ́ kí ayé rẹ̀ mọ sí ìdajì ni?" Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ṣebí ìdajì búrẹ́dì lẹ jẹ láàárọ̀, ẹ sì pé síbẹ̀." Àǹtí rẹ́rìn-ín tipátipá. "Aláìnítìjú! Ẹ máa ṣe é, àmọ́ kí n má gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu yín mọ́." Èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù orúkọ yẹn ba èmi náà.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é, lórí pápá koríko kan ní Ìgànmú. Ìyàwó mi á fi òrí pa ètè ọmọ nítorí ọyẹ́, á bọ́ bàtà rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa sáré lé òjìji ara wọn kiri. Èmi á jókòó ti kúlà ìrẹsì. "Bàbá Béjídé, ẹ dìde jàre! Ẹ̀ ń ṣọ́ ìrẹsì bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ." Mi ò dìde rí. Kí ló dé tí mi ò dìde lẹ́ẹ̀kan péré?

Inú oṣù kejìlá ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e dè. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ọjọ́ tó kú náà la sin ín. Nígbà tí oṣù kìíní dé, mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Béjídé lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ bàtà, ó ti fi òrí kun ètè títí dé àgbọ̀n, ó ń wo oòrùn. Ìgbà yẹn ni gbólóhùn ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìdajì ọjọ́ ìbí ọmọ pé nígbà tó sọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe o! Mo ní kí ọmọ wọlé, pé oòrùn ti mú jù.

Ní oṣù keje tó kọjá, òjò rọ̀. Àǹtí Ràmọ́tà gbé kéèkì wá, ó ní kí Béjídé sọ iye ọdún rẹ̀ fún wa. Ọmọ náà mi orí. "Mi ò tíì pé mẹ́fà. Lẹ́yìn márùn-ún, Bàbá mi ò ṣe ìdajì. Ìdajì mi kan ti sọnù." Mo wo ilẹ̀. Mo rò pé Àǹtí máa pariwo. Ó kàn fa ọmọ mọ́ra, ó wò mí lójú. "Ìwọ, wá ìdajì ọmọ yìí fún un."

Sátidé yìí ni oṣù mẹ́fà pé. Mo ti ṣèlérí fún Béjídé pé a máa lọ. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ bíi tèmi ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tó bá bi mí ìdí tí a ò fi lọ lọ́dún tó kọjá, kí ni kí n sọ? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbọ́ irú rẹ̀ kó má kórìíra bàbá rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Mi ò tíì ra kéèkì. Mi ò tíì mọ ibi tí ìyàwó mi gbé kúlà sí. Mi ò tíì wá ẹni tó máa di irun ọmọ. Mi ò tíì sọ fún Àǹtí Ràmọ́tà pé kó bá wa lọ. Mi ò tíì sọ fún Béjídé pé ìyá rẹ̀ ò gbàgbé, èmi ni kò gbọ́ ọ.