Òkúta Ìjẹ̀bú-Igbó Tí Mo Pè Ní Òkúta Òṣùpá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo máa ń dìde, mo máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo tún máa ń padà. Bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fara gbá a.

Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, lábẹ́ Prọ́fẹ́sọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Bàbá ní ègé òkúta kan tó já bọ́ láti inú Òṣùpá sí aṣálẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lókè òkun ló bù ú fún un. Kò tó èékánná. Ó ti tọrọ rẹ̀ títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í. A lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, a dà á sínú ìgò kékeré, ó sì ní èmi ni kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Ọ́síjìn inú òkúta kì í ṣe irú kan. Èyí tó fúyẹ́ wà, èyí tó wúwo díẹ̀ wà. Àísótóòpù là ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe pọ̀ ju ara wọn lọ dà bí ilà ojú, ó ń sọ ibi tí òkúta ti wá. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá kan náà ló bí Ayé àti Òṣùpá.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ pín in láti fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọ́síjìn, kò sí iná. Mo dà á sórí bébà. Fáànù wà lókè orí mi, a ò sì pa suíìṣì rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, bí iná bá lọ, ta ló ń rántí suíìṣì? Iná dé lójijì. Kí n tó na ọwọ́, fáànù ti fẹ́ Òṣùpá Bàbá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Lẹ́búlẹ́bú òkúta dúdú kan wà lórí tábìlì, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọ̀ wọn jọra. Mo bù ú kún bíńtín tó kù nínú ìgò. Mo ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó sọ fún Bàbá. Títí dòní, ìrọ̀lẹ́ yẹn ò tíì tó.

Èsì dé, ọ́síjìn rẹ̀ bá ti Ayé mu régé. Mo ní ó parí, àṣírí ti tú. Àfi bí Bàbá ṣe ń rẹ́rìn-ín tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń rí nìyẹn: nǹkan ńlá kan ló kọlu Ayé nígbà tó ṣì kéré, ohun tó fọ́n ká ló para pọ̀ di Òṣùpá. Irọ́ mi bá òótọ́ mu. Ta ni yóò fura?

Nísinsìnyí, Mọ́rẹ́nikẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá kọ́ kẹ́yìn, ti fi ìyókù ìgò náà ránṣẹ́. Tọ́ńgísítìn ni òun ní kí wọ́n wò nínú rẹ̀, irin inú gílóòbù àtijọ́. Níbẹ̀, ó yẹ kí ti Òṣùpá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ayé. Tiwa ò yàtọ̀ rárá. Ọmọ náà sáré wá bá mi.

“Àǹtí, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa bí Òṣùpá ṣe bẹ̀rẹ̀, àfi kí wọ́n tún un wò.”

Mo ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ẹ̀yin lẹ tọ́jú rẹ̀, Àǹtí. Kí ló tún kù?”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé lókè òkun. Wọn yóò tú u wò, wọn yóò sì rí i pé òkúta Ayé ni. Òun ni wọn yóò pè ní òpùrọ́, kì í ṣe èmi. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ ò sì le mọ́.

Mùsùlùmí ni mí. Nígbà tí àwọn ará ilé wa ní Òrù ń wo ojú ọ̀run fún oṣù ààwẹ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ojú ń tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, Bàbá ni àbí ọmọ náà? Ẹ bá mi dá sí i kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Lánàá ló gbé ohun tó kọ wá fún mi. Níbi tó ti ń dúpẹ́, ó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí òun, tó bá wọn ṣọ́ Òṣùpá. Ó ní kí n kà á dáadáa, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo kà á. Mo ní kò sí.