Áàpù Tí Kò Dúró De Olówó Rẹ̀ Mọ́

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ láti Mabera sí Gawon Nama ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ayàwòrán kan àti àbúrò rẹ̀ tó ń fi táyà lílẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà nídìí kọ̀ǹpútà yín báyìí?"

"Kò sẹ́nì kan. Ṣé o mọ áàpù tó ń gba fọ́tò látorí fóònù àwọn oníbàárà, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti jáde lórí kọ̀ǹpútà kí n lè lọ kírun, òun náà á kú. Bí iná bá lọ tó sì dé, kò ní jí àfi bí mo bá wá tẹ páásíwọọ̀dù. Òun ni ò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ Ìyá ní Ìlọrin láti ọdún méjì."

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"Mo gbà á kúrò lọ́wọ́ ara mi, mo fà á lé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, bíi ti aago inú rẹ̀ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn báyìí, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo wà ńbẹ̀ o, mi ò sí ńbẹ̀ o."

"Haba, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu lásán."

Fóònù ayàwòrán náà dún. Ìyàwó rẹ̀ ló pè láti ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ sì dé etí gbogbo wa: "Iná lọ, ó ti dé. Fọ́tò àwọn oníbàárà wa ní Minanata ti ń jáde. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọkùnrin náà ki fóònù bọ àpò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"O gbọ́ ọ? Kò fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó tún un sọ, bí ẹni ń jẹ oyin. "Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó yá, bá mi pe Ìyá. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ nílé."